Ta Ló Jẹ Àmì Orí Igbà?

Ẹ pa ìwé dé ná, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Àlá kan bá mi lójú oorun lánàá, bí mi ò bá sì rọ́ ọ kí agogo tó lù, àwọn ọmọ kíláàsì kejì ni yóò jìyà rẹ̀. Oorun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Pẹ̀lú ìbínú ni mo sùn, ìbínú náà ni mo sì gbé wọnú àlá.

Ẹ mọ̀ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń túmọ̀ géèmù orí fóònù kan sí Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ kan ní ilẹ̀ Íńdíà. Ẹ̀yin lẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí pé ìyá àgbà ń ta géèmù. Ṣùgbọ́n géèmù náà kì í ṣe ti ìbọn. Ìṣe àwọn ará etíkun ní gúúsù ilẹ̀ wọn ló kún inú rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fi ẹfọ̀n méjì-méjì sáré ìje nínú ẹrẹ̀, bí òrìṣà abúlé ṣe ń gun oníjó kan tó kun ojú ní pupa àti àwọ̀ ìyeyè, tó ró màrìwò àgbọn, tí yóò wá jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará ìlú. Ẹni tó bá ń ta á yóò di ọ̀kan nínú àwọn ará abúlé náà, yóò máa jẹ́ iṣẹ́ kiri, agbára rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i. Iṣẹ́ kìíní pàá ni ti Mónápà. Adẹ́mu ni Mónápà. Igbà rẹ̀ já nígbà tó wà lórí ọ̀pẹ, wọ́n wá ní kí o lọ wá igbà mìíràn fún un kí ó má baà já bọ́. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, èmi nìkan dá rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn wọ̀nyí àti àwa, òkun ló kàn dá wa sí méjì.

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Mo fi àmì sí i, tòkè tábẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo rán jáde níhòòhò. Àfi bí mo ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lánàá tí mo bá àtẹ̀jíṣẹ́ Súmánà lórí fóònù. Súmánà ni ọmọbìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní àwọn nǹkan kéékèèké tó wà lórí ọ̀rọ̀ mi ń jẹ́ kí ìlà kún àkúnya lójú fóònù, pé àwọn ti gbá gbogbo wọn kúrò, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wá fi àwòrán ojú ewé kìíní ránṣẹ́ kí n lè bá wọn yọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Wa igba fun Monapa."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Igba wo? Ṣé igba tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì ni, àbí igbá tí a fi ń bu omi? Ṣé ìgbà òjò ni, àbí ìgbá tó so lọ́gbà? Báwo ni ọmọ tó ń ta á ní Ìkìrun yóò ṣe mọ̀ pé igbà adẹ́mu ni? Àmì kan ṣoṣo péré ló wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, òun náà ni wọ́n rí gbá. Wọ́n tún wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti gbá àmì orí orúkọ mi náà dànù. Mo gún iyán, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo lọ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ó tó ìwé, ó tó pátákó ìkọ̀wé, ó tó ilẹ̀kùn. Ihò tí a ń ki wáyà iná sí wá di ẹnu ọ̀nà. Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ kí n tó wọlé, nítorí mo rí bàtà àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ìdí ọ̀pẹ kan ni mo bá ara mi. Mónápà wà lókè, ó dì mọ́ ọ̀pẹ bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àjákù igbà rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Kò yà mí lẹ́nu pé Yorùbá ló ń sọ, èmi náà ni mo kúkú kọ́ ọ.

"Ìyá Olùkọ́, ẹ kú ìrìn," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá igbà."

"Tìrẹ já lóòótọ́?"

"Ó já. Ẹ wo akèrègbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Ẹmu ń kán sínú rẹ̀. Bí ó bá kún, yóò dà sí mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi yóò yọ̀. Ilẹ̀ ló kù."

Mo wo akèrègbè náà, ó ti dé ìdajì. Mo ní kí ó rọ́jú, kí ó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé mò ń bọ̀.

Ilé ìtajà inú géèmù náà jẹ́ àpótí pákó kan tó ní ẹnu. Mo kí i, mo ní kí ó fún mi ní igbà. Ó ní òun kì í fi etí ta ọjà, pé kí n tọ́ka sí ohun tí mo fẹ́ nínú ìwé. Mo tọ́ka sí i. Àpótí náà kà á sókè, ó ń fa á bí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ kù gììrì, ó sì pọ igbá kan jáde, igbá ńlá tòun ti ìdérí.

"Igbá kọ́," mo ní. "Igbà ni."

"Ohun kan náà lo sọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn," àpótí náà dáhùn.

Ẹ̀jẹ̀ gbóná dé ọrùn mi. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé re-mí kì í ṣe re-dò. Àpótí pákó ló wá ń sọ fún mi pé ohun kan náà ni. Mo ní kí ó tún ìwé rẹ̀ wò. Ó tún un wò, ó ní ó dáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ igba.

"Igba kí ni?" mo bi í.

"Igba ṣá."

Ẹfọ̀n ni. Wọ́n ń jáde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ìwo wọn, wọ́n sì tò bí ọmọ ilé-ìwé ní àpéjọ àárọ̀. Mo dúpẹ́ nínú mi pé ẹfọ̀n ni, nítorí bí àwọn èèyàn yìí ṣe kọ ọ́, ó lè jẹ́ igba ẹ̀fọn ni wọn ì bá tú lé mi lórí. Mo kà wọ́n, torí mi ò gba àpótí náà gbọ́ mọ́. Igba géérégé ni. Èyí tó kẹ́yìn wá kí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ má bá pákó jà. Ọ̀rọ̀ báyìí, ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń yanjú rẹ̀. Ẹ gùn mí." Mo gbé igbá mi lé orí, mo gùn ún. Ó sáré wọnú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ta sí mi láṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa sáré lọ.

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè oko ìrẹsì. Ó ga tó orí ọ̀pẹ. Okùn tín-ín-rín ni wọ́n fi so ó mọ́ igi àgbọn kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ìyẹn kò kàn mí, ibi tó bá wu ọ́fíìsì ló lè dúró sí, ẹfọ̀n mi sì fò gbé mi débẹ̀. Ohun tó kàn mí ni pátákó tó wà níwájú rẹ̀: "OFIISI IGBAKEJI OLUDARI ORO." Kò sí àmì kan lórí rẹ̀, kò sí ọ̀kan lábẹ́. Oro! Ṣé ọ̀rọ̀ ni àbí oró? Mo mú ṣọ́ọ̀kì láti inú àpò mi, mo dúró lórí ẹfọ̀n, mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Ọmọkùnrin kan tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi ló jókòó sídìí tábìlì. Ó so táì, ó dé fìlà. Kò dìde, kò sì kí mi.

"Kí lorúkọ rẹ?" ó bi mí.

Mo gbọ́ "rẹ" yẹn, mo gbé e mì. "Mosúnmọ́lá," mo ní.

Ó wo ìwé iwájú rẹ̀. "Ohun tí wọ́n kọ síbí ni Mo sun. O sùn?"

"Mosúnmọ́lá ni. Mo sún mọ́ ọlá. Bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀."

"Ìwé wa ní o sùn. Ẹni tó ń sùn lọ́wọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba irinṣẹ́."

Mo fẹ́ kò ó lójú, ṣùgbọ́n mo rò ó wò, mo rí i pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tó sọ. Mo ní kí a fi ti orúkọ sílẹ̀, pé ọkùnrin kan wà lórí ọ̀pẹ, pé akèrègbè rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kún. Ó na fọ́ọ̀mù kan sí mi, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo kọ igbà. Mo fi àmì sórí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè hàn. Bí mo ṣe gbé bírò kúrò ni ọmọkùnrin yìí na ọrùn, ó yọ ahọ́n, ó lá àmì náà kúrò lórí ìwé. Ó ń rọra rún un ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan.

"Kí lẹ jẹ yẹn?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

Mo tún un kọ, ó tún lá a. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, irùngbọ̀n ti hù sí i lágbọ̀n, táì rẹ̀ ti di okùn ọrùn, ìwo méjì sì ti gbé fìlà rẹ̀ sókè. Òbúkọ ni. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn akọ̀wé rẹ̀ náà ti di ewúrẹ́, wọ́n ń fi pátákò lu òǹtẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n mọ òǹtẹ̀ lù ju àwọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹran ni wọ́n.

Ilẹ̀kùn yàrá kan ṣí sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo yọjú sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, àmì mi ló kún ibẹ̀. Gbogbo àmì tí wọ́n gbá kúrò lórí iṣẹ́ mi, wọ́n dì wọ́n ní ìdì-ìdì bí ewé tí a kó wálé fún àgbò iléyá. Mo dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí èyí tó wà lórí "ìyá". Mo rí méjì tí mo fi sábẹ́ "ọmọ", wọ́n ṣì tutù yọ̀yọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi fi wọ́n síbẹ̀, pẹ̀lú ojú tó ń ro mí àti iná tí kì í dúró ní wákàtí méjì. Mo yí padà sí wọn.

"Ẹ̀yin ẹran yìí," mo ní, "ta lẹ bi léèrè kí ẹ tó jẹ ẹ́?"

"Wọ́n ń gba àyè," òbúkọ náà dáhùn. "Ọ̀rọ̀ kò nílò wọn. Ẹni tó bá gbọ́n yóò mọ ohun tí à ń wí."

"Ìwọ ńkọ́? O mọ ohun tí mo ń wí?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ gbé e wá. Ewúrẹ́ méjì wọlé, wọ́n gbé ìgbà jáde nínú àwo pẹrẹsẹ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó gbẹ, ó ní eruku, ó sì pẹ́ kí ó tó tán. Ọdún mẹ́rin kọjá lójú fèrèsé bí mo ṣe dúró síbẹ̀. Mo sáré lọ wo Mónápà lójú fèrèsé náà. Oore kan ṣoṣo tí ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ṣe wá ni pé ẹmu dákẹ́ sísun, akèrègbè kò kún sí i. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti gùn kọjá ìdajì ọ̀pẹ. Mo ké sí i pé kí ó fi irùngbọ̀n náà ṣe igbà, kí ó máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀.

"Ìyá Olùkọ́, irùngbọ̀n ni," ó fèsì láti orí ọ̀pẹ. "Ẹ má jẹ́ ká máa pe nǹkan ní ohun tí kì í ṣe."

Mo gba ìbáwí, nítorí òótọ́ ló sọ. Mo yíjú sí àwọn ẹran, mo ní kí wọ́n gbé ìgbà wọn kúrò níwájú mi, kí wọ́n fún mi ní igbà. Òbúkọ náà lu òǹtẹ̀ mìíràn. Ìgbá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti àjà, funfun àti aláwọ̀ ewé, ó ń ró pọ́-pọ́-pọ́ lórí tábìlì. Òjò ìgbá yìí ló wá mú òjò gidi dání. Ẹmu tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun lókè ọ̀hún. Mo ṣa ìgbá díẹ̀ sínú igbá mi, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í fi oúnjẹ ṣòfò, ṣùgbọ́n ojú mi ti pọ́n koko. Mo ti ní igbá, mo ti ní igba, mo ti ní ìgbà, mo ti ní ìgbá. Èyí tó lè gbé ọmọ ẹni sọ̀kalẹ̀ láàyè nínú wọn ni wọn kò fún mi.

Mo mú òbúkọ náà ní okùn ọrùn. Mo ní, "Dìde. Ó di iwájú òrìṣà."

Kò bá mi jiyàn. Ilẹ̀ ọ́fíìsì náà rọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ògiri rẹ̀ ṣubú síta, ó di àgbàlá. Òrìṣà abúlé náà ti jókòó síbẹ̀. Ojú rẹ̀ pupa bí osùn, màrìwò àgbọn wà nídìí rẹ̀, ṣaworo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo ewúrẹ́ kúnlẹ̀. Àpótí pákó náà wà níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú igbá ìgbá lórí.

"Ta ló ní ẹjọ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

Òbúkọ náà yára gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. "Bàbá, ohun tí obìnrin yìí ń bèèrè kò sí lákọọ́lẹ̀. A ti fún un ní gbogbo ohun tó wà lákọọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò yéé pariwo."

"Èmi ò mọ̀wé," òrìṣà náà ní. "Kò sí ìwé nígbà tí mo ti ń dájọ́. Obìnrin, kí lo ń wá? Fi ẹnu rẹ sọ ọ́."

Mo dìde dúró. Mi ò mọ èdè rẹ̀, àlá ló kàn ń jẹ́ kí ohun tó ń sọ yé mi. Èyí tí mo mọ̀ nínú géèmù náà, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ sí mi. Mo wá ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ tuntun níwájú pátákó. Mo kọ ọ́ lórin fún un: "Re-dò."

Ó tẹ̀ sí iwájú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ṣaworo sì dá a padà fún mi bó ṣe rí: re-dò. "Ohun tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ," ó ní. "Ta ni kò mọ ìyẹn?"

Omi bọ́ lójú mi. Ẹni tí kò jẹ iyán rí, tí kò gbọ́ Yorùbá rí, ó gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ̀wé sí kò gbọ́.

Ó dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí gbogbo ẹran tó jẹ nínú àmì pọ̀ ọ́ jáde, pé òun la máa fi hun igbà. Àwọn ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àmì òkè ń bọ́, àmì ìsàlẹ̀ ń bọ́, àmì abẹ́ ń yí gbirigbiri kiri àgbàlá. Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀, mo ń fi ọ̀kan kọ́ ọ̀kan. Ó ń gùn, ó ń le. Mo fa á wò, kò já. Mi ò hun nǹkan kan rí láyé mi, ṣùgbọ́n igbà yẹn dára.

Mo gbé e dé ìdí ọ̀pẹ, mo jù ú sókè. Mónápà na ọwọ́ kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, ó ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan.

"Ó kúrú," ó ní. Kò pariwo, ẹmu ti dé ọrùn akèrègbè. "Ìyá Olùkọ́, ó kúrú díẹ̀."

Mo yí padà sí àwọn ẹran, mo ní kí ẹni tó ṣì ní àmì níkùn jáde. Òbúkọ náà búra, ó ní bí òun bá fi ẹyọ kan pa mọ́, kí òun má rí iléyá tó ń bọ̀ kọjá. Àwọn akọ̀wé rẹ̀ búra. Àpótí pákó búra. Àwọn ẹfọ̀n náà búra, igba wọn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń dúró dè wọ́n. Òrìṣà náà wá kọjú sí mi.

"Ó ku ìwọ."

"Èmi kẹ̀, Bàbá?" Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn. Èmi tí mo gbé ẹjọ́ wá, èmi tí mò ń fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ tí kò lámì ká nínú ìwé ọmọ, tí mo gba máàkì méjì lọ́wọ́ ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ nítorí àmì abẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Búra."

Mo gbé ọwọ́ lé àyà. Mo la ẹnu gbàgàdà kí gbogbo abúlé lè gbọ́ pé mi ò jẹ àmì rí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mẹ̀ẹ́ẹ̀."

Mo tún un gbìyànjú, mo rọra mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. "Mẹ̀ẹ́ẹ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Mónápà ń wò mí láti òkè, ẹmu sì ti dé etí akèrègbè.

Ìró ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ló jí mi. Oòrùn ti yẹ̀ sí apá ìrọ̀lẹ́. Mo wé gèlè mi padà, mo lọ ṣílẹ̀kùn. Àbúrò ọkọ mi ni, ẹni tí mo ń pè ní Eyínafẹ́, ìyàwó ilé kì í kúkú pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n, abà ló ń gbé, ẹmu ló ń dá níbẹ̀. Eruku ọ̀nà ti bò ó dé orúnkún, ó sì gbé nǹkan kan kọ́ èjìká.

"Ìyàwó wa, ẹ kúulé," ó ní. "Mo ti mú un dé."

Igbà ni. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ, ó ti dán níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti máa ń fara tì í.

"Kí lèyí, Eyínafẹ́?"

"Ohun tí ẹ ní kí n mú wá ni. Ẹ ní lónìí lẹ nílò rẹ̀." Ó ń tú u kúrò léjìká. "Ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní nìyí, mi ò wá lè gun tìrọ̀lẹ́ yìí. Mo ti bẹ àwọn oníbàárà mi. Mo ní ẹ̀yin kì í ṣàdédé bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni yóò jẹ́."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n rí fóònù rẹ̀. Ó fún mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ mi wà níbẹ̀, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí i ní kùtùkùtù kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí mò ń wá ohun tí màá máa fi bu èlùbọ́: "E jowo e ba mi mu igba bo. Mo nilo re loni." Mo wá àmì kan níbẹ̀. Mo wá a lókè, mo wá a lábẹ́, mo gbé fóònù náà sún mọ́ ojú bóyá ojú mi ni.

"Ṣé kì í ṣe òun ni?" Eyínafẹ́ bi mí.

"Igbá ni mo wí," mo ní. "Igbá tí a fi ń bu èlùbọ́."

Ó wo igbà ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ojú oòrùn, ó sì rí i pé bí òun bá gbéra báyìí, ilẹ̀ yóò ti ṣú kí òun tó dé ìdí ọ̀pẹ. Kò bínú. Ì bá bínú, à bá jọ bínú. Ó ní ẹ̀bi òun ni, pé ìwé mẹ́fà péré lòun kà, pé òun ì bá ti wá ẹni tó mọ̀wé bá òun ka ọ̀rọ̀ olùkọ́ kí òun tó gbéra nílé.

Mo la ẹnu kí n sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tó máa jáde níbẹ̀ bà mí.